Bọ́ọ̀lù Ìbánikẹ́dùn

Abúlé méjì, Ìdí-Ọ̀sàn àti Òkè-Àgbàrá, jọ ń lo pápá kan. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti ká kòkó tán, wọ́n á pàdé níbẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù, abúlé tó bá borí á sì gbé ife lọ sílé. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ife náà kò fi dé Òkè-Àgbàrá. Ajíbóyè, káfíńtà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wọn, ti kan pẹpẹ dè é. Adìẹ ló ń yé ẹyin sórí rẹ̀, àwọn ará Ìdí-Ọ̀sàn kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé.

Àṣà kan wà lórí pápá yẹn. Bí ẹnì kan bá fara pa, tí eré dúró, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fún ní bọ́ọ̀lù láti fi bẹ̀rẹ̀ padà. "Bọ́ọ̀lù ìbánikẹ́dùn" ni wọ́n ń pè é. Àánú ló bí i, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn kan fi kọ́ bí a ṣe ń ṣubú. Ìdí rèé tí Tíṣà Ọdẹ́wálé, rẹfurí wọn, fi kéde lọ́dún tí à ń wí yìí pé òfin inú ìwé ni òun yóò tẹ̀ lé: ẹgbẹ́ tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù kẹ́yìn ni yóò gbà á padà. Ẹgbẹ́ méjèèjì ní àwọn gbọ́.

Eré ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò tíì sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ajíbóyè ń wa bọ́ọ̀lù bọ̀, kò tíì dé iwájú aṣọ́lé. Fátókun ti Ìdí-Ọ̀sàn sáré lọ dènà rẹ̀, ló bá forí gbá orí ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ kan. Ó ṣubú pẹ̀lú igbe, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Tíṣà fọn fèrè. Wọ́n gbé Fátókun sí ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n fi aṣọ di orí rẹ̀.

Ìyá Fátókun já wọ pápá. "Tíṣà, ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni? Bọ́ọ̀lù tiwa dà?"

"Mo rí i, ìyá. Ohun tí mo ṣe fọn fèrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ta ni bọ́ọ̀lù wà nígbà náà?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń bá yín sọ, ẹ̀ ń bi mí léèrè ẹsẹ̀!"

Fátókun gbé orí sókè níbi tó jókòó sí. "Ẹsẹ̀ Ajíbóyè ló wà, Màámi. Ẹ má bá Tíṣà jà."

Tíṣà ní kí gbogbo àwọn yòókù sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ó mú bọ́ọ̀lù lọ síbi tí Ajíbóyè ti fẹsẹ̀ kàn án kẹ́yìn, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Bó ti kanlẹ̀, Ajíbóyè tì í sí Òjédélé, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Òjédélé sì gbá a wọ àwọ̀n. Bí ife ṣe lọ sí Òkè-Àgbàrá nìyẹn.

Lọ́nà ilé, àwọn ọ̀dọ́ Ìdí-Ọ̀sàn ń bú Tíṣà. Ìyá Fátókun ló dá wọn lẹ́kun. "Ẹ panu mọ́. Nígbà tí ọmọ mi ké, gbogbo pápá dúró dè é, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí rẹ̀. Igbe wa ti gba ohun tó tọ́ sí i."

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ọgbẹ́ ara rẹ̀ gba ohun olóhun, àwọn àgbà abúlé méjèèjì a máa pa á lówe pé: igbe ẹni tó ṣubú kì í sọ bọ́ọ̀lù di tirẹ̀.