Igbá Omi Tí Ẹyẹbíọ̀kín Gbé Sọ̀kalẹ̀ Òkè Kùrukùru

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó tímọ́tímọ́, ọ̀rọ̀ òùngbẹ ni mo fẹ́ sọ. Láyé àtijọ́, ó pé ọjọ́ kọkànlá tí ogun Arógundádé ti dó sí etí odò kan ṣoṣo tí abúlé mẹ́ta orí Òkè Kùrukùru ń pọn. Ẹṣin wọn kò lè gun àpáta, wọ́n bá jókòó, wọ́n ń retí kí òùngbẹ lé gbogbo ará òkè wá sínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ewúrẹ́ ti kú tán. Omi tó ṣẹ́ kù kò ju igbá kan lọ, Abíọ́nà ọmọ ọwọ́, ọmọ-ọmọ Ẹyẹbíọ̀kín, ni wọ́n sì fi í pamọ́ fún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Arógundádé ké láti ìsàlẹ̀: "Ará òkè, ṣé bí ẹ ṣe ń ṣàlejò nìyí? Ọjọ́ kọkànlá, ẹ ò fún wa lómi!" Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹyẹbíọ̀kín, ẹlẹ́sẹ̀ gìrì lórí àpáta, obìnrin tí ìkùukùu ń jí kí! Ó gbé igbá náà. Ibídùn ọmọ rẹ̀ dì í láṣọ mú: "Ìyá mi, omi ọmọ mi ni!"

"Mo mọ̀. Bó bá mu èyí lónìí, oko ẹrú ni yóò ti mu òmíràn."

Ó ki ìka bọ omi, ó fi kan ètè ọmọ náà, ó sì sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń lọ sóde. Ó kúnlẹ̀ níwájú olórí ogun. "Ẹ má bínú, àlejò wa. Iṣẹ́ oko ló pọ̀."

Arógundádé tọ́ omi inú igbá náà wò, ó wo ojú rẹ̀. "Ìyá, ṣé èyí tó kù nìyí?"

"Kí lẹ wí? Ta ní í gbé èyí tó kù fún àlejò?" Ló bá da ìyókù sílẹ̀. "Oòrùn ti mú un gbóná. Ẹ jẹ́ n lọ pọn tútù wá."

Ilẹ̀ mu omi náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Arógundádé wo ṣóńṣó òkè títí. Iṣu ogun rẹ̀ ti ń tán lọ. "Ìsun omi wà lórí òkè yìí," ni ó wí. "A kò lè fi òùngbẹ mú wọn."

Abíọ́nà kò rí àfẹ̀mọ́jú. Nítorí rẹ̀ ni ará Kùrukùru kì í fi í mu omi àkọ́pọn títí dòní. Orí àpáta ni wọ́n ń dà á sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹyẹbíọ̀kín dúró lókè téńté, òkú ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn àwọn àlejò bí wọ́n ti ń lọ. Òun tí kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìkí, kò wí fún wọn pé ó dàbọ̀.