Àmù Tó Dákẹ́ Kí Ọjọ́ Rẹ̀ Tó Pé

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀ọ̀!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí ẹní, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ má sùn lọ o. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò kọjá ilé ọba, ó fò kọjá ilé ìjòyè, ẹ̀yìnkùlé Ẹtu ló bà sí.

Ní ìgbà kan rí, nínú ìlú àwọn ẹranko, Ẹtu nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọtí ìyeyè. Bí òjò bá ti rọ̀, tí ìyeyè pọ́n tó ń já bọ́, gbogbo ìlú á ṣà á wá fún un. Ẹtu kì í kánjú. Á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, títí òórùn dídùn rẹ̀ á fi gba àgbàlá kan. Á fọ̀ ọ́. Á rọra gún un nínú odó kí kóró rẹ̀ má baà fọ́, nítorí kóró ń mú ọtí korò. Á fún omi rẹ̀, á fi ajọ̀ sẹ́ ẹ, á dà á sínú àmù mẹ́ta.

Àmù kìíní, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ń mu ún. Ìyẹn dùn, tọmọdé ni. Àmù kejì di ọjọ́ kẹrin. Ìyẹn ń hó, ó ń ta ahọ́n, àwọn tó ti oko dé ló ni ín. Àmù kẹta, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí oṣù tuntun á fi lé. Nígbà náà, adùn ti kúrò nínú rẹ̀, ó ti mọ́ gaara, agbára nìkan ló kù. Ife kan péré, Ẹfọ̀n tó jẹ́ baálẹ̀ ìlú á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ife ìtọ́wò yẹn, Ọ̀nì tó ni odò ló ni àmù kẹta yìí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé e fún un, kó lè jẹ́ kí wọ́n mu omi nígbà ẹ̀rùn. Bí kò bá sí ọtí, kò sí omi.

Lọ́dún kan, Òkété wá bá Ẹtu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ó ti rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ṣọ́ àmù ńlá yìí."

Ẹtu wò ó. Kò rí Òkété níbi tí wọ́n ti ṣa ìyeyè. Kò rí i nídìí odó. Ara fu ú díẹ̀. Àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ewé fẹ́lẹ́ ni mo fi bò ó o. Ìdí tí mo sì fi ṣe bẹ́ẹ̀—"

"Mo ti mọ̀, Ìyá! Mo ti mọ̀!"

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, Ẹtu lọ gbé etí lé àmù. Ó yẹ kó gbọ́ ṣìì, ṣìì, bí ọtí tó ń mí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bá fi orin pè é. Ẹ bá mi gbe orin rẹ̀:

Àmù mi, dá mi lóhùn —
*Wọ̀rọ̀wọ́!*
Ta ló bù ọ́ mu? —
*Wọ̀rọ̀wọ́!*
Ẹ̀rùn ń bọ̀ o, òùngbẹ ń bọ̀ —
*Wọ̀rọ̀wọ́, wọ̀rọ̀wọ́!*

Àmù ò dáhùn. Ó bu díẹ̀ tọ́ wò. Omi lásán ni.

"Òkété, ta ló wá síbí?"

Òkété wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Èmi ò rí ẹnikẹ́ni o, Ìyá. Mi ò sì fẹ́ parọ́ mọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Àmọ́ Ọ̀bọ kọjá níbí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń pọ́nu lá."

Láti ìgbà náà, ọkàn Ẹtu ò balẹ̀ mọ́. Bí ewé bá mì, á wòkè. Ó rí èèpo ìyeyè lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀bọ, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n!" Ó gbàgbé pé ta ni ò jẹ ìyeyè lásìkò ìyeyè. Ọ̀bọ kí i, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá." Kò jẹ́ ẹ. Ó kí i lọ́sàn-án, kò jẹ́ ẹ. Ó kí i nírọ̀lẹ́, Ẹtu kọ ẹ̀yìn sí i.

Lọ́jọ́ keje, Ẹfọ̀n ní kí gbogbo ìlú pé sábẹ́ igi ọdán. Òkété ló ti lọ bá a ní kọ̀rọ̀. Ó bọ́ sáàárín, ó nawọ́ sí Ẹtu.

"Baálẹ̀, omi ni obìnrin yìí rọ sínú àmù! Ó ti kó ọtí gan-an pamọ́. Ó fẹ́ dá gbé e lọ fún Ọ̀nì, kí ibi omi lè di tirẹ̀ nìkan, kí gbogbo wa máa wólẹ̀ fún un ká tó mu omi!"

Ariwo sọ. "Ẹ lé e jáde nílùú!"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ẹtu létí. Òun ò ro irú ète bẹ́ẹ̀ rí. Ta ló rò ó débi tó fi mọ̀ ọ́n kà báyìí? Ẹni tó gbìn ín ló mọ ibi tó hù sí.

Ó kúnlẹ̀. "Baálẹ̀, òótọ́ ni pé omi ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ọtí tí wọ́n jí ò tíì gbó. Ó ṣì ń mí. Bí olè bá dé e lẹ́nu pa, èémí á máa wú nínú rẹ̀ títí á fi bẹ́. Ẹ jẹ́ ká jókòó síbí. Ilé ẹni tá a bá ti gbọ́ ariwo, òun ni."

Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń fi ojú wo ara wọn. Ẹtu kọ́kọ́ wo Ọ̀bọ. Ọ̀bọ ń họ ìhà, ó ń yán. Ó wá wo Òkété. Irun imú rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Baálẹ̀," ni Òkété wí, "mo gbé iṣu kaná."

"Jókòó."

"Á jóná o! Inú sì tún ń run mí."

Ó ki eré mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Ẹfọ̀n ní, "Ọ̀bọ, tẹ̀lé e!" Ọ̀bọ fò láti igi dé igi.

Kò pẹ́. Gbòà! Ilẹ̀ mì. Gbòà! Gbòà! Òkété ta jáde láti inú ihò, ìfófòó bò ó, ìda oyin lẹ̀ mọ́ ọn lójú, etí rẹ̀ kan ya.

Ọ̀bọ ké láti òkè pé, "Ihò yìí gba abẹ́ ilẹ̀ dé ìdí àmù! Akèrègbè ló kún ibẹ̀, igi àti ìda ló fi dí wọn lẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ ti fọ́. Ilẹ̀ ti mu ọtí tán."

Ète tó kà sí Ẹtu lọ́rùn, tirẹ̀ gan-an ni. Wọ́n lé Òkété. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ jáde lọ́sàn-án mọ́.

Àmọ́ ọtí ti dàwátì. Ẹtu lọ bá Ọ̀bọ.

"O kí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò jẹ́ ọ. Olè ni mo pè ọ́ nínú mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ó dùn mí, Ìyá. Ó dùn mí gan-an." Lẹ́yìn náà, Ọ̀bọ gun ṣóńṣó orí igi ìyeyè, níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè dé, ó ká ìwọ̀nba tó kù wá.

Ìdajì àmù ni ọtí tó jáde níbẹ̀. Ọjọ́ Ọ̀nì sì pé kí ọtí náà tó gbó. Ọ̀nì tọ́ ọ wò, ó fajú ro.

"Ó ṣì ń ta ahọ́n. Ìdajì ọtí lẹ gbé wá, ìdajì omi lẹ máa mu."

Ibi tóóró kan létí odò ló ṣí fún wọn. Ní gbogbo ẹ̀rùn ọdún náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tò mu omi, láti ìdájí títí dìrọ̀lẹ́. Ẹtu á dúró sẹ́yìn kí Ọ̀bọ kọ́kọ́ mu.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ dì í mọ́ra lọ sùn: ẹni tó bá kó ohun gbogbo ìlú pamọ́ kó lè di olúwa wọn, ohun náà ni yóò tú u síta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fura, ìfura loògùn àgbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kọ ìkíni ọmọlàkejì yín, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè.