Ìtọ̀ tí Láṣebìkan Gbé fún Dókítà

Òwe kan wà ní àdúgbò wa tó jẹ́ pé bí àlejò bá gbọ́ ọ, á yínmú. Wọ́n á ní, "Ìtọ̀ kì í purọ́, ẹni tó gbé e wá ló ń purọ́." Àlejò á ní kí ló dé tí àwọn ará oko yìí ń pe ìtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ gidi? Ìgbà wo sì ni ìtọ̀ lẹ́nu tí yóò fi sọ òótọ́ tàbí kó purọ́? Ẹ jókòó dáadáa. Kì í ṣe òwe àwọn baba ńlá wa. Ìṣojú wa ló ṣẹlẹ̀, inú sì ń bí mi títí dòní tí mo bá ń sọ ọ́.

Láṣebìkan lorúkọ ọkùnrin náà, afínkòkó ni ní Àbà Ìrókò. Bí kòkó bá ti ń so, tí kòkòrò fẹ́ jẹ ẹ́ tán lórí igi, òun ni gbogbo olóko ń wá kiri. Á gbé ẹ̀rọ pọ̀n sẹ́yìn, á máa fín oògùn sókè, oògùn á máa kán sí i lórí, sí èjìká, sí àyà, títí aṣọ rẹ̀ á fi rin gbindin. Kì í bo imú, kì í wọ ìbọ̀wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a wí, á ní, "Ṣé mo mu ún ni? Ẹnu ni nǹkan ń gbà wọnú èèyàn. Èmi ti pa ẹnu mi dé." Ẹnu tó ní òun pa dé yẹn náà ló fi ń fọ́nnu káàkiri àbà.

Ìbídùn ni ìyàwó rẹ̀. Ó pẹ́ kí obìnrin yìí tó lóyún. Àwọn tí wọ́n jọ relé ọkọ, ọmọ wọn ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí oyún wá dé, Láṣebìkan ní kò gbọdọ̀ dé oko mọ́, kò gbọdọ̀ ru igi, kò gbọdọ̀ pọn omi. Ó ṣe dáadáa níbẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó kù fún Ìbídùn kò ju pé kó máa dáná, kó sì máa fọ aṣọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń fín kòkó. Á dà á sínú ọpọ́n, á máa fi ọwọ́ lásán gbo ó, omi á máa ta sí i láyà àti níkùn. Ta ló ka aṣọ fífọ̀ sí iṣẹ́?

Ni àwọn olùwádìí bá dé láti yunifásítì. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Rìsíkátù ló ṣáájú wọn. Ó sọ fún gbogbo wa níwájú ilé baálẹ̀ pé àwọn fẹ́ mọ bí oògùn kòkó ṣe ń wọ ara àwọn tó ń fín in, àti bí èyí tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó. Láṣebìkan bú sẹ́rìn-ín.

"Ibo ni yóò gbà wọlé, Dókítà? Mi ò mu ún."

"Bàbá, bí òtútù bá mú ọmọdé, kí lẹ máa ń ṣe fún un?"

"A ó fi òrí pa á láyà."

"Ṣé ọmọ náà fẹnu mu òrí ni?"

Àwọn èèyàn fi í rẹ́rìn-ín. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oògùn ń gba awọ ara wọlé, pàápàá tí oòrùn bá mú tí ara ń làágùn. Ó ní ara kì í gbé gbogbo rẹ̀ pamọ́, a máa ń tọ̀ lára rẹ̀ dànù, ìdí nìyẹn tí àwọn yóò fi gba ìtọ̀ àwọn afínkòkó lọ yẹ̀ wò. Ojú ti Láṣebìkan, ló bá fò dìde, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun ṣáájú, òun ò bẹ̀rù ohunkóhun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wò ó, wọ́n fi píìnì so aṣọ funfun pélébé-pélébé mọ́ ọn láyà, lẹ́yìn àti nítan, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n oògùn tó kán síbẹ̀. Nígbà tó fín kòkó tán, wọ́n tú u kúrò, wọ́n fọ ọwọ́ rẹ̀ sínú abọ́, wọ́n sì gbé omi náà pamọ́. Gbogbo ìyẹn ló gbà, ó tún ń yan kiri. Àfìgbà tí wọ́n fún un ní ìgò onídèérí pupa, wọ́n ní kó tọ̀ sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àyà rẹ̀ já.

Ìtọ̀ kẹ̀? Lójú Láṣebìkan, ẹni tó bá gba ìtọ̀ ọkùnrin ti gba ọkùnrin náà tán. Wọ́n lè fi ṣe é kó má lè bímọ mọ́. Kò sì lè kọ̀ ọ́, nítorí gbogbo àbà ló gbọ́ ìfọ́nnu rẹ̀. Kí ni ọkùnrin yìí wá ṣe? Ó gbé ìgò fún ìyàwó rẹ̀.

"Ìbídùn, tọ̀ sínú eléyìí láàárọ̀ ọ̀la. Wọ́n fẹ́ fi wo ọmọ inú rẹ bóyá ó wà dáadáa."

"Háà! Ṣé wọ́n á rí i nínú ìtọ̀ ni?"

"Dókítà mà ni wọ́n. Kí ni wọn ò ní rí?"

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ẹ gbọ́ mi o! Ohun tó ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀, aboyún inú ilé rẹ̀ ló tì síwájú. Ìyẹn ò tiẹ̀ tíì dùn mí tó èyí tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Dókítà padà wá. Ó pe Láṣebìkan sápá kan.

"Bàbá, oògùn wà nínú ìtọ̀ yín, kì í ṣe kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ ná. Ṣé ara kì í gbọ̀n yín? Ṣé orí kì í fọ́ yín?"

"Ara mi le koko, Dókítà."

Ẹ̀rín ló ń pa á nínú. Obìnrin tí kò gbé ẹ̀rọ rí láyé rẹ̀, òun ni wọ́n ní oògùn kún inú ìtọ̀ rẹ̀! Ó lọ sídìí ẹmu, ó lu tábìlì. "Onírọ́ gbáà ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò! Ìyàwó mi ló tọ̀ ọ́!" Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó béèrè pé, bí ẹ̀rọ ò bá purọ́ ńkọ́?

Bó ṣe délé, Ìbídùn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀. Mo gbọ́ pé Dókítà wá. Kí ni wọ́n sọ nípa ọmọ mi?"

"Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ó wà dáadáa."

"Olúwa, mo dúpẹ́."

Inú rẹ̀ dùn débi pé orin ló ń kọ bó ṣe ń kó aṣọ oko ọkọ rẹ̀ lọ sínú ọpọ́n.

Oyún wọ oṣù kẹjọ, ọmọ kò yí mọ́. Wọ́n gbé Ìbídùn dé ọsibítù, ó bí i. Ọmọbìnrin ni, irun kún orí rẹ̀ dúdú. Kò ké. Mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀.

Nígbà tí Dókítà Rìsíkátù tún wá sí àbà, wọ́n sọ fún un, ó sì yà láti kí wọn. "Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó jókòó fúngbà díẹ̀, kó tó yíjú sí ọkọ. "Bàbá, ẹ má bínú pé mò ń sọ ọ́ lásìkò yìí. Ṣé ẹ ti fi fífín sílẹ̀? Ìtọ̀ yín ọjọ́sí kò jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀."

Ìbídùn gbójú sókè. "Ìtọ̀ ta ni?"

"Tọkọ yín, ìyá. Èyí tó wà nínú ìgò onídèérí pupa."

"Èmi ni mo tọ̀ ọ́."

Dókítà béèrè ẹni tó ń fọ aṣọ oko. Ìbídùn na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i.

"Ìyá, mi ò lè búra pé oògùn yìí ló pa ọmọ yín," Dókítà wí. "Kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ìyẹn fún mi. Ṣùgbọ́n ká ní mo mọ̀ pé ìtọ̀ aboyún ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá ti gba aṣọ yẹn lọ́wọ́ yín."

Láṣebìkan dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó rẹ̀. "Ìbídùn, foríjì mí. Mo rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa ni."

Ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún Láṣebìkan.

"Mo bi yín," ó ní. "Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bi yín nípa ọmọ mi. Ìtọ̀ mi ti sọ òótọ́ fún wọn. Ìtọ̀ kì í purọ́, ẹni tó gbé e wá ló ń purọ́."

Ó di ẹrù rẹ̀, ó bá Dókítà wọ ọkọ̀ dé títì, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Wọ́n rán àgbààgbà títí, kò padà.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, tí ẹ rí ẹni tí òótọ́ tẹ̀ lọ́wọ́, tó mọ ẹni tí òótọ́ náà ń bá wí, tó sì fi í ṣẹ̀rín nítorí pé irọ́ tirẹ̀ ló gbé e dé ibẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí àwọn obìnrin àbà á sọ ọ́ sí i lójú láìrẹ́rìn-ín: ìtọ̀ kì í purọ́, ẹni tó gbé e wá ló ń purọ́. Láṣebìkan ṣì wà láyé. Ó ń gbọ́ wọn.