Ìjàpá Pín Àáró sí Dúdú àti Pupa

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò dé ààfin, kò dé ọjà. Oko ló yà sí, níbi tí àwọn ẹranko ti ń kọ ebè. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rán mi létí bí mo bá fo ibì kan.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ìlú kan máa ń bá ara wọn ṣe àáró. Bí gbogbo wọn bá kọ ebè fún Ìmàdò lónìí, wọ́n á kọ ọ́ fún Ehoro lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ni yóò se oúnjẹ. Kò sẹ́ni tí ń wo awọ ara ẹnikẹ́ni kó tó gbé ọkọ́ fún un.

Ọ̀dọ́ kan wà nínú wọn, Òkété ni. Bàbá rẹ̀ ti kú, ó ku òun àti ìyá rẹ̀. Lọ́dún náà, èèbù iṣu wọn ti ń hù nínú àká. Bí wọn kò bá tètè gbìn ín, yóò jẹrà, ebi ni yóò sì máa pa wọ́n títí ọdún yóò fi yí. Ṣùgbọ́n ọkàn Òkété balẹ̀. Oko wọn ló kàn nínú àáró.

Oko Ìjàpá ló wà lẹ́yìn pátápátá, kò sì wù ú kó máa kọ ebè lóko olóko títí yóò fi kàn án. Ló bá pe gbogbo wọn jọ.

"Ẹ̀yin ará ilé mi, mo ti wò yín dáadáa. Àwọn kan dúdú nínú yín, àwọn kan pupa. Oòrùn kì í ṣe ẹni dúdú ní nǹkan kan. Awọ ẹni pupa kò lè gbà á. Kí àwọn dúdú máa kọ ebè. Kí àwọn pupa jókòó lábẹ́ igi, kí wọ́n máa bójú tó iṣẹ́. Oko àwọn pupa la ó sì kọ́kọ́ ṣe, tèmi ni ká fi bẹ̀rẹ̀."

Ìmàdò ní, "Tìrẹ kẹ̀? Ẹ̀yìn rẹ dúdú bí ìdí ìkòkò!"

"Ẹ̀yìn lò ń wò. Ikùn mi pupa."

"Ta ló rí ikùn rẹ rí?"

"Yánníbo ìyàwó mi rí i."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni òfin náà ti múlẹ̀.

Òkété dúdú, ló bá gbé ọkọ́ lọ sóko Ìjàpá. Ìjàpá se àsáró fún àwọn pupa lábẹ́ igi. Èèpo iṣu ló bù fún àwọn dúdú. Ehoro, ọ̀rẹ́ Òkété, wà lára àwọn pupa, ṣùgbọ́n kò jẹ àsáró náà lábẹ́ igi. Ó gbé àwo tirẹ̀ wọ inú oòrùn.

"Òkété, wá jẹ nínú tèmi."

"Wọ́n á rí ọ o."

"Kí wọ́n rí mi. Ọjọ́ kan náà làwa méjèèjì kọ́ ebè kíkọ. Kí ni àwọ̀ mi ṣe tí tìrẹ kò ṣe?"

Ìgalà, àgbà kan lára àwọn pupa, pariwo láti abẹ́ igi, "Ìwọ ọmọ yìí! Wọ́n fi ọ́ síbi tó tutù, o tún ń wá oòrùn kiri!"

Ìjàpá rí i pé iṣẹ́ ń lọ, ló bá fẹ oko rẹ̀ lójú sí i. Ọwọ́ kò wá tó mọ́. Ó yíjú sí abẹ́ igi.

"Ehoro, ṣóńṣó etí rẹ dúdú. Gbé ọkọ́."

Nígbà tó tún fẹ oko náà lójú, ó rí ilà dúdú lẹ́yìn Ẹtu tó jókòó lábẹ́ igi. Ẹtu náà gbé ọkọ́. Níkẹyìn, ó kan Ìgalà.

"Bàbá Ìgalà, pátákò yín dúdú."

"Pátákò! Ta ni pátákò rẹ̀ funfun nínú gbogbo ẹranko?"

"Ẹ gbé ọkọ́, bàbá."

Nígbà tí Ìgalà wọ inú oòrùn, Òkété gbójú sókè. Kò sẹ́nì kan lábẹ́ igi mọ́ àfi Ìjàpá. Òkété rántí èèbù tó wà nílé. Ó fi ọkọ́ lélẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ dákun. Gbogbo wa ti di dúdú. Àwọn pupa wo la wá ń ṣiṣẹ́ fún?"

Ehoro ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. "Oko ìyá Òkété ló kàn," ló wí. Gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e.

Ìjàpá ń ké, "Ẹ̀yin dúdú! Ẹ padà!"

Ìmàdò dáhùn, "Kí àwọn pupa ẹgbẹ́ rẹ bá ọ parí rẹ̀!"

Kí oòrùn tó wọ̀, èèbù ìyá Òkété ti wà nínú ilẹ̀. Inú ìkòkò kan ni gbogbo wọn ti jẹun. Ṣùgbọ́n inú ń bí Ìgalà.

"Láti òní lọ," ló wí, "ẹnikẹ́ni tó bá ní ìkarahun lẹ́yìn kò gbọdọ̀ bá wa ṣe àáró mọ́!"

Àwọn àgbà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Òkété kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ìwà Ìjàpá ló dùn wá, kì í ṣe ìkarahun rẹ̀. Bí a bá lé e nítorí ohun tó gbé sẹ́yìn wá sáyé, ohun tó ṣe fún wa làwa náà ń ṣe yẹn. Kó gbé ọkọ́ wá bíi tiwa. Kí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Ìgalà fà á dìde. "Ó dáa, ọmọ mi. Mo gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá ṣe kọ ebè lóko gbogbo wọn. Nígbà tó kan tirẹ̀, wọ́n bá a parí rẹ̀ láìyẹ̀. Ebè lọ rẹrẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí àká rẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó ti fi gbogbo èèbù rẹ̀ se àsáró fún àwọn alábòójútó. Ó gbé agbọ̀n, ó lọ tọrọ lọ́dọ̀ ìyá Òkété. Ìyẹn fún un ní ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù. Igun oko kan péré ló tó. Gbogbo ebè yòókù, koríko ló hù lórí wọn.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: ẹni tó bá ń fi àwọ̀ pín yín, iṣẹ́ yín ló fẹ́ jẹ. Ẹ jọ gbé ọkọ́, ẹ jọ jẹun, ẹ má sì fi àwọ̀ ẹnikẹ́ni san ẹ̀san fún un. Ẹ̀yin àgbà, ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ rí i nínú oko yẹn. Ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ tiwọn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti ṣì í, kó tún un sọ kí a tó wọlé lọ sùn.