Ẹbọ Tí Morádéun Rú Kó Tó Wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin

Kí-ẹnu-má-yá-ju-etí, Kí-ẹsẹ̀-má-yá-ju-ojú, àwọn ló dá ẹẹ́rìndínlógún fún Morádéun, ọmọ agboolé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ní Ìlobùú, ní ọjọ́ tó ń sunkún àìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ òfin.

Ọmọ yìí, ẹnu ló bí i. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Lọ́yà nínú agboolé. Bí ẹ bá ní òjò ń bọ̀, yóò bi yín pé ta ló sọ fún yín. Bí àgbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa òwe, yóò ti bá a parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ó jókòó ṣe ìdánwò àbáwọlé, máàkì rẹ̀ kò tó. Ó tún un ṣe, èyí tó gbà tún kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Háà! Ojú tì í débi pé ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde. Bàbá rẹ̀ kékeré tó ń rán an níwèé pè é, ó ní, "Ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù o. Bí èyí náà ò bá bọ́ sí i, aṣọ rírán lo máa lọ kọ́ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ. Kò sì ní sí ìjà." Morádéun kò fẹ́ ránṣọ. Òfin ni ọkàn rẹ̀ wà.

Ló bá gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Yèyé Ọ̀ṣunbùnmi, arúgbó olórìṣà tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún létí odò. Gbọ́láró, ọmọ orogún ìyá rẹ̀, tẹ̀ lé e, nítorí òun náà ti ṣe ìdánwò náà, kò yege.

Yèyé kò bi wọ́n léèrè ohun tó gbé wọn wá. Morádéun sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sí owó ẹyọ kan wúyẹ́wúyẹ́, ó gbé e kalẹ̀. Yèyé da ẹẹ́rìndínlógún sórí atẹ, odù Ọ̀bàrà ló yọ. Ìyá náà wò ó títí, ó mi orí.

"Ọ̀ṣun ní ire ń bẹ. Ó ní ohun kan wà níwájú rẹ tí ojú rẹ tó, tí ọwọ́ rẹ ò tó. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣun ní o kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tán."

"Yèyé, ṣé ẹ rí ìdánwò yẹn, àwọn tó ń—"

"Ṣó o ti rí i báyìí?"

Gbọ́láró fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Yèyé ní kó rú obì, àkùkọ adìyẹ àti ìgò oyin kan. Ìyẹn kò le. Èyí tó le ló kù. "Ohun tí èèyàn fẹ́ràn la fi ń rúbọ, ọmọ mi, ìwọ sì rèé, ẹnu rẹ lo fẹ́ràn. Lọ máa jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ baálé yín níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà. Má dá sí i. Bí àwọn oníjà bá rojọ́ tán, kó o bẹ baálé kó jẹ́ kó o tún ẹjọ́ ti àkọ́kọ́ rò, kó o tún ti ìkejì rò. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá ní bí àwọn ṣe wí i nìyẹn, ẹbọ rẹ dà. Oyin ò gbọdọ̀ kan ahọ́n rẹ títí dọjọ́ náà."

Ó yíjú sí Gbọ́láró, ó ní ẹbọ kan náà ni tirẹ̀. Gbọ́láró bú sẹ́rìn-ín. "Yèyé, ẹ má bínú o. Ṣé Ọ̀ṣun ló máa bá mi jókòó nínú gbọ̀ngán ni? Gbogbo ìbéèrè ọdún tó kọjá ni mo ti há sórí, àti ìdáhùn wọn!" Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Morádéun rúbọ, ó gba ọ̀ọ̀dẹ̀ baálé lọ. Ẹjọ́ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ bá pàdé. Ó tún un rò pẹ̀lú ìgbéraga, ni olùpẹ̀jọ́ bá fò dìde: "Èwo lo ń sọ yẹn? Mo ní mo yá a nílẹ̀, mi ò ní mo tà á!" Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Morádéun sunkún délé. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ di. Ohun tó rò pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ló fi rọ́pò ohun tí ọkùnrin náà sọ.

Kò sì ṣíwọ́, ó ń lọ, ó ń tẹ́, ó tún ń lọ. Àfi ọjọ́ tí ìyá tirẹ̀ àti Ìyá Gbọ́láró gbé ìjà dé ọ̀dọ̀ baálé.

"Ó pè mí lólè!" ni ìyá Morádéun ń pariwo. "Èmi tí mo jẹ́ ìyálé rẹ̀! Gbodo àmàlà tó sá sórí àpáta di àwátì, ó ní èmi ni mo mọ̀ nípa rẹ̀!" Ìyá Gbọ́láró sọ tirẹ̀ pẹ̀lú omijé. Ẹnu ń yún Morádéun. Ta ni kò mọ̀ pé ìyàwó kì í dá ìyálé lẹ́jọ́? Ta ló máa rí ìyá tó bí i nínú ìjà tí yóò máa wò? Ó di ẹnu mú, ó fetí sílẹ̀.

Baálé ní, "Ó yá, Lọ́yà."

Ó kúnlẹ̀, ó ro ẹjọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó wá yíjú sí èkejì. "Ìyá wa kékeré kò ní ẹnikẹ́ni jalè. Wọ́n ní ewúrẹ́ ìyálé àwọn jẹ gbodo àwọn, ìyálé àwọn dúró níbẹ̀, wọn ò lé e. Wọ́n ní kì í ṣe gbodo ló dun àwọn, àìlé ewúrẹ́ yẹn ni."

Ìyá Gbọ́láró bú sẹ́kún. "Bí mo ṣe wí i nìyẹn! Ọmọ orogún mi ló gbọ́ mi!"

Ìyá Morádéun yíjú sí orogún rẹ̀. "Ṣé pé o ò pè mí lólè?"

"Ẹ gbà mí o! Ẹnu wo ni mo máa fi pe ìyálé mi bẹ́ẹ̀?"

Ìjà parí. Morádéun padà sétí odò, Yèyé Ọ̀ṣunbùnmi fi oyin kàn án lẹ́nu, inú ọmọ náà dùn bí ẹni pé ó ti yege.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìtàn kan wà nínú ìwé ìbéèrè: ní ìlú kan, ẹni tí wọ́n bá yá nílẹ̀, tó gbin igi sí i, òun ló ni igi àti ilẹ̀. Èèwọ̀! Ní Ìlobùú, ta ní í gbọ́ ọ? Ilẹ̀ ayálò kì í di ti ẹni tó yá a láé. Òfin Ìlobùú yìí gan-an ni Morádéun fi dáhùn irú ìbéèrè báyìí tẹ́lẹ̀, tó fi fìdí rẹmi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kà á dé òpin. Ó ní, "Ìlú wọn ni, òfin wọn ni. Ohun tí wọ́n wí ni mo máa fi dá wọn lóhùn." Ó ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìbéèrè tó kẹ́yìn.

Gbọ́láró náà rí ìtàn ilẹ̀ yẹn, inú rẹ̀ dùn. Èyí tó há sórí ni! Ó fi àmì sí ìdáhùn ọdún tó kọjá, ó sáré kọjá. Kò mọ̀ pé wọ́n ti yí òfin inú ìtàn náà padà.

Nígbà tí èsì jáde, máàkì Morádéun ga ju èyí tí wọ́n ń béèrè lọ. Bàbá rẹ̀ kékeré ló kọ́kọ́ jó. Morádéun rúbọ, ẹbọ rẹ̀ dà, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin. Ẹni tó fẹbọ ṣẹ̀fẹ̀ káwọ́ lérí: Gbọ́láró tún fìdí rẹmi.

Ó mọ́nà etí odò pọ̀n lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Yèyé, ẹ ṣàánú mi. Mo ṣe tán, mo fẹ́ rú ẹbọ tẹ́ ẹ yàn fún mi."

"Ó dára. Kí ni mo ní kó o rú?"

Gbọ́láró la ẹnu. Ó ronú títí, kò rántí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rín lòun ń rín nígbà tí ìyá náà ń sọ̀rọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Yèyé wí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Gbọ́láró kò sì já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu títí ó fi sọ ọ́ tán.