Àádọ́rin Iṣu Ìjàpá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ààlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò balẹ̀ sáàfin, kò balẹ̀ sọ́jà. Àárín ebè iṣu ló balẹ̀ sí, níbi tí Ìjàpá ti ń ṣírò ohun tí kò gbìn.

Ìyàn mú lọ́dún kan, ó sì pa ọmọ Ìgbín kan. Ìgbín sunkún títí, ó ní ebi kò ní pa àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n kò nílẹ̀. Èbù iṣu mẹ́wàá péré ló ní. Ìjàpá ló nílẹ̀, ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kó ro ó. Ìgbín bá lọ bá a, Erin tí í ṣe baálẹ̀ wọn sì jókòó tì wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi nílẹ̀ fún ọdún méje. Màá gbin mẹ́wàá yìí. Láti ọdún tó ń bọ̀, Ọ̀yà yóò máa fún mi ní èbù mẹ́wàá lọ́dọọdún, torí mò ń bá a roko. Màá máa gbìn ín kún un."

Ìjàpá ka ìka. Mẹ́wàá lọ́nà méje, àádọ́rin. Ó rẹ́rìn-ín sínú. "Kò burú, àbúrò. Lọ́dún keje, àádọ́rin iṣu ni kó o fún mi. Èyí tó bá ṣẹ́kù, tìẹ ni." Lójú tirẹ̀, kò sí èyí tí yóò ṣẹ́kù.

Erin wò ó. "Ìjàpá, o ò ṣe gba ìdajì?"

"Ìdajì kẹ̀? Kí n wá gba márùndínlógójì? Baba, ẹ má fi mí ṣọmọdé."

Ìgbín gbin tirẹ̀. Ìjàpá yọjú wo ebè mẹ́wàá náà, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sùn, kò débẹ̀ mọ́.

Nígbà tí iṣu mẹ́wàá jáde, Ìgbín kò jẹ ẹ́ tán. Àárín iṣu ló sè fáwọn ọmọ. Orí àti ìdí ló gé ṣe èbù. Èbù di ogún, ó kó mẹ́wàá ti Ọ̀yà lé e, ebè di ọgbọ̀n. Lọ́dún kẹta, àádọ́rin. Lọ́dún kẹrin, àádọ́jọ. Iṣu ń bímọ, ọmọ rẹ̀ náà ń bímọ, mẹ́wàá ti Ọ̀yà kò sì yẹ̀ lọ́dún kan.

Ọdún keje pé. Ìjàpá gbé agbọ̀n dé, ó ní òun wá palẹ̀ oko mọ́. Iṣu kún abà, ó tú síta. Wọ́n kà á: ẹgbẹ̀fà ó lé àádọ́rin.

Ìjàpá yíjú sí Erin tó wá wo ìkórè náà. "Baba, ìdajì tí ẹ sọ níjọ́sí ńkọ́?"

"Ìwọ lo ní kí n má fi ọ́ ṣọmọdé," Erin dá a lóhùn.

Àádọ́rin ni Ìjàpá kó. Ẹgbẹ̀fà ṣẹ́kù fún Ìgbín, ebi ò sì wọlé rẹ̀ mọ́.

Àánú Ìjàpá ṣe mí, ẹ má parọ́ mọ́ mi. Ó ṣe Ìgbín náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ ẹ́ tán. Ẹ gé orí àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀."

Ìjàpá ní àádọ́rin kéré jù láti fi nǹkan pamọ́ nínú rẹ̀. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ti jẹ ẹ́ tán.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi dúró. Bí mo bá parọ́, kí iṣu mi má ta lọ́dún yìí.

Ìdí nìyí tí Ìjàpá fi ń rìn kiri nínú oko olóko, tó ń na ọrùn síta, tó ń fà á padà. Ebè ló ń kà. Bó bá dé àádọ́rin, ìṣirò á dàrú mọ́ ọn lójú, á fa orí wọlé, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.