Ìdí Tí Abo Atíòro Fi Ń Fi Amọ̀ Dí Ẹnu Ọ̀nà Rẹ̀

Nígbà láéláé, ilé ẹyẹ atíòro ní ẹnu ọ̀nà gbàgàdà nínú ihò igi. Lásìkò náà, tẹranko tẹyẹ ló ń san owó orí fún Erin, ọba igbó, èso sì ni wọ́n fi ń san án. Òfin Erin kò le rárá: ẹni tó bá ń jáde lọ wá oúnjẹ ni yóò san, ẹni tó bá ń jókòó sílé kò ní san nǹkan kan.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Atíòro, ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin ni, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Òun ń sàba, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Èso tí ọkọ ń kó bọ̀ ń tó wọn jẹ lẹ́yìn owó orí.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró yọ síta láti na ìyẹ́ díẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́, agbowó-orí, bá a.

“Ẹ̀hẹ́n! Ẹ̀yin náà ń jáde! Owó orí ẹni méjì lẹ ó san.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyẹ́ ni mo kàn wá nà.”

“Bí gbogbo wọn ṣe ń wí nìyẹn.”

Àwẹ̀ró rò ó wò. Bí wọ́n bá san ti ẹni méjì, oúnjẹ kò ní kárí mọ́. Òun náà yóò ní láti lọ wá èso, Ejò yóò sì wọlé wá kó ẹyin rẹ̀ jẹ.

“Bí mi ò bá ní ẹnu ọ̀nà tí mo lè gbà jáde ńkọ́?” ló bi Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ìrù rẹ̀ fi ń gbọ̀n. “Ẹ dán an wò! Owó orí ẹni kan ni màá gbà.”

Bí ọkọ rẹ̀ ṣe dé, Àwẹ̀ró ní, “Ọkọ mi, ẹ bá mi bu amọ̀ wá, ká dí ẹnu ọ̀nà yìí.”

“Àwẹ̀ró, ṣé kò sí? Báwo lo ṣe máa jẹun?”

“Màá fi àyè sílẹ̀ fún ẹnu mi. Àbí ẹ ò ní bọ́ mi mọ́ ni?”

“Èmi kẹ̀!” Atíòro ti fò dé etí odò.

Ọkọ ń rẹ́ amọ̀ lóde, ìyàwó ń rẹ́ ẹ nínú. Ti ọkọ rí wúruwùru, síbẹ̀ ó ń fi yangàn. Àlàfo tín-ín-rín ló kù nígbà tí wọ́n parí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ padà wá ṣọ́ wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Atíòro lọ, Atíòro bọ̀. Ẹlòmíràn kò jáde. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu agbowó-orí pa lórí ẹ̀ka.

“Ó tó! Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jáde nílé yìí!” Ó gba ìpín ẹni kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ejò náà wá. Ó ti orí bọ àlàfo títí, kò gbà á. Ẹ̀rín pa Àwẹ̀ró nínú ilé.

Láti ọjọ́ náà ni abo atíòro ti máa ń fi amọ̀ dí ara rẹ̀ mọ́nú ihò igi bó bá fẹ́ sàba, tí akọ rẹ̀ ń gba ojú àlàfo bọ́ ọ. Erin ti gbàgbé owó orí tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ṣíwọ́ amọ̀ rírẹ́, nítorí wọ́n ti rí i pé gbogbo ọmọ wọn ló ń yè.